Oko Alájà ní Ilẹ̀ Ìbàràpá: Ibo Ni Ó Ti Wúlò, Ibo Ni Kò Ti Wúlò?

ÌFÁÀRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bù ṣe. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí, ìdí nìyí tí mo fi fi òwe náà ṣíde. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ irú iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé. Wọ́n ní a kò nílò ilẹ̀ gbalasa mọ́ kí á tó lè dáko. Wọ́n ní inú ilé ni a ó ti máa gbin nǹkan, tí a ó máa tò ó ní ìpele-ìpele bí a ṣe ń to ìwé sórí pẹpẹ ní yàrá ìkàwé.

Ọmọ Igbó-Ọrà ni mí, inú ẹbí àgbẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé: kí ni èyí yóò ṣe fún wa ní ilé? Ìbàràpá Méje ni wọ́n ń pè wá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Ìdèrè, Lánlátẹ̀, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni a pín sí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òkè-Ògùn wà ní àríwá wa, ilẹ̀ Ẹ̀gbá wà ní gúúsù, Ìbàdàn sì wà ní ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀gúsí ni a fi ń yangàn. Bí oko kò bá dára, kò sí ohun tí yóò dára ní Ìbàràpá.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni pé kí n sọ ohun tí irú oko yìí jẹ́, kí n yẹ ìṣirò rẹ̀ wò, kí n sì sọ ibi tí mo rò pé ó lè ràn wá lọ́wọ́ àti ibi tí ó ti lè tàn wá jẹ.

KÍ NI OKO ALÁJÀ?

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á wá orúkọ fún un. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní "oko olókè". Orúkọ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé orí òkè ni oko náà wà, bí àwọn oko ẹ̀bá àpáta tí a ní ní Èrúwà. "Oko alájà" ni èmi yóò máa pè é. Gbogbo wa ni a mọ àjà ilé, a sì mọ ilé alájà méjì tàbí mẹ́ta. Bí ilé alájà ṣe jẹ́ ilé lórí ilé, bẹ́ẹ̀ ni oko alájà jẹ́ oko lórí oko.

Oríkì tí mo fún un nìyí: oko alájà ni oko tí a ti gbin nǹkan sí ìpele tí ó ju ẹyọ kan lọ, tí ìpele kan wà lókè ìkejì, kí ilẹ̀ kékeré lè gba ohun ọ̀gbìn púpọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà ṣe é. Èkínní ni pé kí á bu ilẹ̀ sínú àpò, ìkòkò tàbí àpótí, kí á sì tò wọ́n lé ara wọn. Èkejì ni ọ̀gbìn inú omi: a kò lo ilẹ̀ rárá, omi tí a po oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mọ́ ni gbòǹgbò ń mu. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Gericke ti Yunifásítì Kalifóníà ni ó sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀ọ́ká ní àwọn ọdún 1930. Ẹ̀kẹta ni ọ̀gbìn inú afẹ́fẹ́: gbòǹgbò rọ̀ dirodiro sínú àpótí tí ó ṣókùnkùn, ẹ̀rọ a sì máa fọ́n omi olóúnjẹ sí i lára bí ìrì.

Ẹni tí ó gbé orúkọ oko alájà kiri ayé ni Dickson Despommier, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia ní New York nígbà náà. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà ní ọdún 1999. Ó sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 2010. Ohun tí ó ń dà á láàmú ni pé àwọn ará ìlú ńlá ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ oko kò sì pọ̀ sí i. Ní Singapore, níbi tí ilẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n bí ojú, wọ́n ti ń ta ẹ̀fọ́ oko alájà láti ọdún 2012. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, obìnrin kan, Angel Adelaja, dá ilé-iṣẹ́ Fresh Direct sílẹ̀ ní Àbújá, ó sì ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àwọn kọ̀ǹténà irin tí a fi ń kó ẹrù nínú ọkọ̀ òkun.

ṢÉ OHUN TUNTUN NI?

Ẹni tí ó bá wo oko iṣu ní Ìbàràpá dáadáa yóò mọ̀ pé kì í ṣe òní ni a ti ń gbin nǹkan lọ sókè. Àgbẹ̀ a kọ ebè, a sin ẹ̀bù sí i, nígbà tí iṣu bá hù, a ri igi tì í kí ìtàkùn rẹ̀ lè gùn ún. Kí ni ìdí? Ìdí ni pé ewé tí ó bá sùn sílẹ̀ lórí ara wọn ń ṣíji bo ara wọn. Ewé tí ó bá gun igi ni ó ń rí oòrùn. Lẹ́yìn èyí, àgbẹ̀ a gbin àgbàdo sí àárín ebè, a sì da ẹ̀gúsí sílẹ̀ kí ó máa rá. Ẹ kà á wò: ìtàkùn iṣu wà lókè, àgbàdo dúró láàárín, ẹ̀gúsí bo ilẹ̀ kí koríko má baà hù, iṣu fúnra rẹ̀ sì ń ta nínú ebè. Oko alájà ni èyí náà, àfi pé kò sí ẹni tí ó gbé e sínú ìwé ìròyìn.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Nínú oko bàbá wa, oòrùn kan ṣoṣo ni gbogbo àjà náà ń pín lò. Àgbẹ̀ mọ èyí. Kì í fún àgbàdo ní àyè púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi pa ẹ̀gúsí. Nínú oko alájà ti inú ilé, òrùlé ti dí ojú oòrùn. Àjà tí ó wà nísàlẹ̀ kò rí nǹkan kan. Nítorí náà, iná mànàmáná ni a óò fi ṣe oòrùn.

OWÓ OÒRÙN

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún arákùnrin bàbá mi kan tí ó ti ń dáko láti kékeré. Ó gbọ́ ọ dé ìdí kí ó tó bi mí léèrè.

"Ṣé iṣu ni wọ́n ń gbìn sínú ilé ọ̀hún?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ẹ̀fọ́ ni. Ewé létúùsì tí àwọn òyìnbó ń jẹ ní tútù ni ó pọ̀ jù níbẹ̀."

Ó ní, "Kí ló dé tí kì í ṣe iṣu? Ṣé ẹ̀fọ́ ló ń yọ́ni ni?"

Mo ní iná ni wọ́n fi ń ṣe oòrùn wọn, ó sì wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èyí tí Ọlọ́run ń ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ni a óò wá máa sanwó fún?"

Ìbéèrè bàbá yìí ni ó yẹ kí á fi ìṣirò dáhùn. Agbára tí ó wà nínú iṣu tútù kílò 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúnìtì iná 1.4. Ewé kì í sì í lè sọ gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sí i lára di oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí á ṣe é lóore, kí á ní ìdá 3 nínú 100 ni ó ń lò. Èyí já sí pé ìmọ́lẹ̀ tí ó tó yúnìtì 46 ni yóò gbà kí á tó rí kílò iṣu kan. Iná tí a tàn náà kì í di ìmọ́lẹ̀ tán; bí ìdajì rẹ̀ ni ó ń di ooru lásán. Nítorí náà, a óò san owó bí yúnìtì 90 fún kílò iṣu 1 péré. Kí ó lè yé wa yékéyéké, ó dà bí ìgbà tí a tan gílóòbù oníwáàtì 60 kan tọ̀sán-tòru fún oṣù méjì gbáko, kí á tó rí iṣu tí ọmọdé méjì yóò jẹ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ìdà kejì, oòrùn ń ran bí yúnìtì 4 sí 5 sórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan lóòró, mítà kan níbùú, lójoojúmọ́ ní agbègbè wa, láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá kò ní àbùkù.

Kí ló wá dé tí àwọn tí ó ń ṣe oko alájà fi ń gbin létúùsì? Omi ni ó kún inú rẹ̀, ó tó ìdá 95 nínú 100. Agbára inú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti iṣu lọ. Kì í pẹ́ lórí àjà, àwọn olówó sì ń rà á ní owó gọbọi. Síbẹ̀síbẹ̀, owó iná ti dá púpọ̀ nínú wọn lágara. Ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ AeroFarms ní Amẹ́ríkà sá lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí gbèsè. Ní ọdún 2024, Bowery Farming, tí àwọn olówó ti da owó ńlá lé lórí, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí iná kì í ti í lọ, kí ni a óò sọ nípa Èrúwà àti Ayétẹ̀?

Ìpinnu tí mo ti ibí yìí ṣe ni pé oko alájà kò lè bọ́ wa ní iṣu, ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo. Ilẹ̀ àti oòrùn ni yóò máa ṣe èyí. Ṣùgbọ́n èyí kò ní kí á da omi ìwẹ̀ nù pẹ̀lú ọmọ inú rẹ̀. Ibi méjì wà tí mo ti rí ìwúlò rẹ̀ fún Ìbàràpá.

IBI KÌÍNÍ: IRÚ IṢU

Àgbẹ̀ tí ó gbin àgbàdo kóńgò kan lè kórè ọ̀pọ̀ àpò. Ẹni tí ó gbin iṣu kò rí bẹ́ẹ̀. Ara iṣu tí a kórè náà ni a ti ń gé ẹ̀bù, nígbà míràn ohun tí a óò yọ sọ́tọ̀ fún gbígbìn a sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìkórè. Ẹni tí ebi bá pa jẹ ẹ̀bù rẹ̀ ti jẹ oko èèmíì. Bí a bá fi mítà kan sí mítà kan kọ ebè, hẹ́kítà kan gba ebè 10,000. Ẹ̀bù 10,000 kì í ṣe nǹkan kékeré fún ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àrùn tí ó wà lára iṣu èṣí ń bá ẹ̀bù wọ oko tọdún yìí.

Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ní Umudike àti ní IITA, Ìbàdàn, ti ń wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àgbẹ̀ láti gé iṣu wẹ́wẹ́, kí ẹyọ kan má ju bí gíráàmù 25 lọ. Lẹ́yìn náà, láti bí ọdún 2013, IITA fi ọ̀gbìn inú afẹ́fẹ́ gbin iṣu ní Ìbàdàn. Wọ́n gé ìtàkùn iṣu tí kò ní àrùn, wọ́n gbé e sórí àpótí; ewé rẹ̀ wà lókè, gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ sínú òkùnkùn àpótí, ẹ̀rọ ń fọ́n omi olóúnjẹ sí i. Níbẹ̀ ni ọmọ iṣu kéékèèké ti ń so lára gbòǹgbò láìsí erùpẹ̀ kankan. A lè ká wọn, kí á sì tún padà wá ká òmíràn lára ìtàkùn kan náà.

Ẹ kíyè sí i: iṣu jíjẹ kọ́ ni wọ́n ń wá níbẹ̀, irú ni. Ìdí nìyí tí ìṣirò owó oòrùn kò fi dí wọn lọ́wọ́. Inú ilé tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọ̀ ni iṣu náà wà. Omi àti afẹ́fẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ewu rẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ fún wákàtí díẹ̀ lọ́sàn-án gangan, gbòǹgbò tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ yóò gbẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ tí a lè dì lé àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà ní ọdún 2006. Èrò mi ni pé irú ibẹ̀ ni ó yẹ kí irú àpótí báyìí wà, kí iná oòrùn máa yí ẹ̀rọ rẹ̀, kí àgbẹ̀ Ìdèrè àti Tápà máa rí irú tí kò lárùn rà nítòsí.

IBI KEJÌ: Ẹ̀FỌ́ Ẹ̀YÌNKÙLÉ NÍGBÀ Ẹ̀Ẹ̀RÙN

Òwe kan ní bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Ní Kibera, ní Nairobi ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, níbi tí ilé ti há mọ́ ilé, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èyí kò gba iná, kò gba ẹ̀rọ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Wá àpò ìrẹsì tàbí ti oúnjẹ adìyẹ tí kò tíì já. Pò erùpẹ̀ dúdú mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ti ewúrẹ́ tí ó ti jẹrà dáadáa.

2. Wá agolo ńlá tí a ti gé ìdí rẹ̀ kúrò. Gbé e sí àárín àpò, kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, kí o sì da erùpẹ̀ yí i ká. Bí erùpẹ̀ bá ti ga, fa agolo náà sókè, kí o tún kó òkúta sí i. Báyìí ni òpó òkúta yóò ṣe dúró láàárín láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọ̀nà omi ni. Láìsí i, òkè nìkan ni yóò máa tutù, ìsàlẹ̀ yóò gbẹ.

3. Dá ihò kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ àpò, kí o fi ọmọ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò tàbí gbúre sínú wọn. Gbin ata tàbí ìlá sí orí rẹ̀, nítorí àwọn wọ̀nyí fẹ́ ibi tí gbòǹgbò yóò ti rìn jìnnà.

4. Bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, láti orí òpó òkúta náà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí àpò náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40 láti etí kan dé ìkejì, tí ó sì ga tó 80, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a lè gbin nǹkan sí tó mítà kan lóòró, mítà kan níbùú. Ilẹ̀ tí ìdí rẹ̀ gbà kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ èyí lọ. Àpò mẹ́wàá lẹ́yìnkùlé dà bí ebè ẹ̀fọ́ tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 1. Òótọ́ ni pé ẹ̀gbẹ́ tí kò kọjú sí oòrùn kò ní í ṣe dáadáa tó èkejì. Oòrùn kan ṣoṣo náà ni wọ́n ń pín, gẹ́gẹ́ bí mo ti wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kò béèrè oòrùn tó iṣu.

Gbogbo ẹni tí ó bá mọ Igbó-Ọrà mọ ohun tí ọbẹ̀ ìlasa jẹ́ sí wa. Àwọn ará ilé wa gbà pé òun àti àmàlà ni ó fa ìbejì tí ó pọ̀ láàárín wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bó ṣe wù kó rí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ewé tútù máa ń wọ́n. Àsìkò yìí gan-an ni àpò ẹ̀yìnkùlé ń sanwó.

Omi nìkan ni ìṣòro rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré ní Ìbàràpá. Ìran tí ó ṣáájú wa rántí bí sòbìyà ṣe da ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ìdèrè dùbúlẹ̀ lásìkò iṣẹ́ oko, nítorí pé omi adágún ni wọ́n ń mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn oníṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí iṣẹ́ ìlera wọn ti wà ní Ìbàràpá láti ọdún 1963, bá wọn jà á. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìyà ti tán ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá ṣe àpò ẹ̀fọ́ kò gbọdọ̀ fi í gba omi mímu lẹ́nu ọmọ. Omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ tàbí ìrẹsì ni kí ó kọ́kọ́ lò. Ànfààní àpò ni pé omi tí ó ń mu kéré sí ti ebè gbalasa, nítorí kò sí ibi tí yóò ṣàn lọ.

ÌKÌLỌ̀ KAN

Ohun kan wà tí ó ń kọ mí lóminú. Láti ìgbà tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ti le ní agbègbè wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè sun oko ọ̀nà jíjìn mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn kọ lu Ìgàngán lóru, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ilé àti ààfin. Òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe lórí ìjẹko ní ọdún 2019 ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Láti ìgbà yìí ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé kí àgbẹ̀ fi igbó sílẹ̀, kí ó wá máa gbin nǹkan lẹ́yìnkùlé tàbí nínú ilé.

Mo yé ìbẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìmọ̀ràn wọn. Ìṣirò tí a ṣe lókè ti fi hàn pé ẹ̀yìnkùlé lè fún wa ní ọbẹ̀, kò lè fún wa ní òkèlè. Ìlú tí ó bá fi oko iṣu sílẹ̀ nítorí àpò ẹ̀fọ́ yóò máa ra iṣu jẹ. Ààbò ni ojútùú àìsí ààbò: kí ìjọba ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí àgbẹ̀ àti ẹni tí ó ń fi ọ̀nà òtítọ́ da màlúù jọ jókòó, kí á sì fìyà jẹ ọ̀daràn láìwo ẹ̀yà rẹ̀. Kò sí àjà tí a lè kàn tí yóò rọ́pò èyí.

Ìkìlọ̀ kejì ni ti owó. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá àwọn abúlé àgbẹ̀ sílẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1950, Èrúwà sì ní tirẹ̀. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n owó tí ó wọlé fún ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ ju ohun tí àgbẹ̀ lásán lè wò kọ́ṣe, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ohunkóhun tí aládùúgbò kò bá lè fi owó ara rẹ̀ ṣe kì í ràn. Òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí á fi wọn oko alájà náà nìyí.

ÌGÚNLẸ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé oko alájà kì í ṣe àjèjì sí wa, pé oòrùn ni ó ń sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àti pé irú iṣu àti ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni ibi tí ó ti lè gbé Ìbàràpá. Ó ku ipa tiwa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ó ń kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì yìí lè gbin àpò mẹ́wàá fún ẹ̀ẹ̀rùn kan, kí wọ́n wọn omi tí ó mu àti ewé tí ó mú jáde, kí á lè mọ èrè rẹ̀ ní pàtó. Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ni ó yẹ kí á wá ọ̀rọ̀ tí a óò fi bá àgbẹ̀ sọ ọ́. "Oko alájà", "ọ̀gbìn inú omi" àti "ọ̀gbìn inú afẹ́fẹ́" ni mo fi sílẹ̀ níhìn-ín. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù, kí ó mú un wá. Ìmọ̀ tí ó bá di àgbẹ̀ létí ni yóò dé inú ìkòkò.